Bí a ṣe ń ṣe ṣáàtì tí àkàndá ẹ̀dá náà yóò lè kà fúnra rẹ̀

Bí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe máa ń ṣe é nìyí: wọ́n á ya ṣáàtì, ìyẹn àwòrán tó ń fi iye hàn, nínú Excel, òpó pupa, òpó àwọ̀ ewé, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á jù ú sórí WhatsApp ẹgbẹ́, wọ́n á ní àwọn ti jíyìn. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ríran tẹ fóònù rẹ̀, ohùn inú fóònù ní fọ́tò ni, ó parí. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé rí òpó tó jọra wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì fẹ̀ ẹ́ títí, lẹ́tà inú rẹ̀ fọ́. Nígbà tí wọ́n bá tún gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-fọtokọ́pì, eérú lásán ló ń jáde, àwa tí ojú wa pé pàápàá á wá máa jiyàn lórí èwo ni owó tó wọlé, èwo ni owó tó jáde.

Ẹni tí mo ń kọ èyí fún ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, olùkọ́, nọ́ọ̀sì tó ń lẹ àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ògiri, àti ọmọ ilé-ìwé gíga tó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ọ̀yọ́ ni mo wà, níbi tí FCE Special, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkàndá ẹ̀dá, tí a sì ń bá adití àti afọ́jú wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí ọjà Akẹ̀sán. Kò yẹ kó jẹ́ níbí ni wọ́n á ti máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé kó bá àwọn ka ìṣirò owó àwọn. Ohun kan ni kí ẹ mú dání látìbẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ ló ń ṣíwájú, àwòrán ló ń tẹ̀lé e.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ wá fóònù Android kan, nítorí TalkBack, ohùn tó ń ka ojú fóònù fún aláìríran, ti wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. VoiceOver ni ti iPhone ń jẹ́. Akàwé ni màá máa pe irú ohùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà Windows, ẹ gba NVDA, akàwé ti kọ̀ǹpútà, sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá Excel tàbí Google Sheets, pẹ̀lú iye tí ẹ fẹ́ yà, tí ẹ ti ṣírò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wá ẹnì kan tí kò tíì rí ṣáàtì náà, tó sì máa gbé fóònù bí ẹ bá pè é. Fún ṣáàtì tí a ń fọwọ́ kà, ẹ wá páálí líle, òwú nínípọn, gọ́ọ̀mù, sánpépà àti àjákù awọ. Ní ti awọ, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ awọ Ọ̀yọ́ níhìn-ín, ẹ bẹ̀ wọ́n dáadáa; èyí tí wọ́n gé dànù ti tó yín.

Àpẹẹrẹ tí màá lò jálẹ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan: owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá, àti owó tí ẹgbẹ́ yá wọn. Mo kàn gbé iye yìí kalẹ̀ fún àlàyé ni, kì í ṣe ìwé ẹgbẹ́ kankan.

Oṣù kìíní: ìdáwó 420,000 náírà, àyálò 200,000
Oṣù kejì: ìdáwó 410,000, àyálò 250,000
Oṣù kẹta: ìdáwó 395,000, àyálò 300,000
Oṣù kẹrin: ìdáwó 380,000, àyálò 450,000
Oṣù karùn-ún: ìdáwó 520,000, àyálò 380,000
Oṣù kẹfà: ìdáwó 540,000, àyálò 350,000

1. Ẹ kọ gbólóhùn kan kí ẹ tó ya ohunkóhun

Ẹ wo iye náà kí ẹ bi ara yín pé: bí alága bá pàdé mi lọ́nà, tó ní kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni màá wí? Ti àpẹẹrẹ wa nìyí: "Oṣù kẹrin nìkan ni owó tí ẹgbẹ́ yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ju owó tí wọ́n dá lọ." Gbólóhùn yẹn ni àkọlé ṣáàtì yín. "Ìdáwó àti Àyálò, Oṣù Kìíní sí Ìkẹfà" kì í ṣe àkọlé, orúkọ fáìlì ni.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á kó ìdáwó, àyálò, èlé àti iye ọmọ ẹgbẹ́ tuntun sínú ṣáàtì kan ṣoṣo. Ẹni tó ríran á fojú fo èyí tí kò kàn án. Ẹni tó ń fetí kà kò ní irú àǹfààní yẹn, bí wọ́n bá ṣe tò ó ni yóò ṣe gbọ́ ọ tẹ̀léra. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ méjì, ẹ ya ṣáàtì méjì. Bí ẹ ò bá sì rí gbólóhùn kan kọ, ní tèmi o, ẹ má ya ṣáàtì rárá. Àtẹ iye lásán ti tó.

Àyẹ̀wò: ẹ ka gbólóhùn náà sétí ẹnì kan. Bí ó bá ní "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹrin?", ó ti yé e. Bí ó bá ní "Ẹ ní kí ni?", ẹ tún un kọ.

2. Ẹ tẹ́ iye náà sínú àtẹ tó mọ́

Ìlà àkọ́kọ́ ni kí orúkọ wà: Oṣù, Ìdáwó, Àyálò. Lábẹ́ rẹ̀, oṣù kan, ìlà kan. Nínú Word, ẹ tẹ àtẹ náà, ẹ lọ sí "Table Design", kí ẹ rí i pé "Header Row" ní àmì. Lọ́lá ìlà àkọ́lé yẹn ni ohùn akàwé fi lè sọ pé "Àyálò, 450,000" dípò kó kàn máa ju nọ́ńbà síni létí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ẹwà. Àkọ́kọ́ ni pípa àpótí méjì pọ̀ di ọ̀kan, èyí tí Excel ń pè ní "Merge". Ó ń da akàwé rú, kì í mọ ibi tó kàn mọ́. Èkejì ni fífi ìlà òfìfo sáàárín kí ojú lè gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò ríran lè rò pé àtẹ ti parí síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni 450k. Ẹ kọ 450,000 ní kíkún, kí ẹ sì kọ náírà ní ọ̀rọ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Fọ́tò àtẹ kì í ṣe àtẹ o. Bí ẹ bá ya fọ́tò ojú Excel ránṣẹ́, gbogbo ohun tí a ṣe ní ìpele yìí ti ṣòfò.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ bọ́tìnnì "Tab" láti àpótí àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn láìfọwọ́ kan máàsì. Bí ó bá ń lọ létòlétò láti òsì sí ọ̀tún, tí kò fo ibì kankan, ó dára.

3. Ẹ yan irú ṣáàtì, kí ẹ sì dín ohun tó wà lára rẹ̀ kù

Èyí kò gba àròjinlẹ̀. Bí ẹ bá ń fi nǹkan wé ara wọn, ẹ lo òpó, kí ìsàlẹ̀ òpó sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Bí ohun kan bá ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, ẹ lo ìlà. Ẹ fi ṣáàtì róbótó, èyí tí Excel ń pè ní "Pie", sílẹ̀ àfi bí ìpín rẹ̀ kò bá ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ yọ òjìji, ẹ yọ èyí tó dúró bí àpótí onígun ("3-D"), ẹ yọ àwòrán tó wà lẹ́yìn. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yé, ṣáàtì tí kò ní ọ̀ṣọ́ lára ló rọrùn jù, èmi náà sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

4. Àwọ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Láàárín àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú 12 ni kì í dá àwọn àwọ̀ kan mọ̀ yàtọ̀ síra. Obìnrin kò tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 200. Orí kírómósómù X ni ohun tó ń fa èyí tó wọ́pọ̀ jù wà. Ẹyọ kan péré ni ọkùnrin ní, kò sí èkejì tó lè gbà á sílẹ̀. Pupa àti àwọ̀ ewé ló sábà máa ń dàrú mọ́ wọn lójú, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ rárá pé ojú àwọn yàtọ̀. Àwọ̀ méjì yẹn náà ni gbogbo wa fẹ́ràn: pupa fún gbèsè, àwọ̀ ewé fún èrè.

Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WCAG, èyí tó wà kí àkàndá ẹ̀dá lè lo ojú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì, fi ìwọ̀n sí bí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kan ṣe gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Lẹ́tà tí kò tóbi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní 4.5 sí 1, ó kéré tán. Òpó, ìlà àti àmì inú ṣáàtì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní 3 sí 1. Dúdú lórí funfun jẹ́ 21 sí 1, kò sí èyí tó jù ú lọ. Àwọ̀ ìyeyè tó mọ́ gaara lórí funfun kò ju 1.07 sí 1 lọ, ìyẹn ni pé ó kù díẹ̀ kó má hàn rárá. Wàyí o, ẹ gbé pupa tí kọ̀ǹpútà ń pè ní #FF0000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ewé #008000. Nǹkan bí 1.3 sí 1 ni. Ohun tó ń sọ wọ́n di eérú kan náà lọ́dọ̀ oní-fọtokọ́pì nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ méjì ará Japan, Masataka Okabe àti Kei Ito, ti ṣa àwọ̀ mẹ́jọ tí ẹni tí ojú rẹ̀ kì í dá àwọ̀ mọ̀ lè yà sọ́tọ̀. Nínú wọn, búlúù #0072B2 àti àwọ̀ ọsàn #E69F00 ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Nínú Excel, ẹ tẹ òpó náà, ẹ lọ sí "More Fill Colors", ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbi tí wọ́n kọ "Hex" sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jókòó o. Búlúù yẹn lórí funfun jẹ́ nǹkan bí 5.2 sí 1, ó kọjá. Àwọ̀ ọsàn yẹn lórí funfun jẹ́ nǹkan bí 2.25 sí 1, kò kọjá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ orúkọ Okabe àti Ito máa ń rò pé bí àwọn bá ti lo àwọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ fi ìlà dúdú yí òpó ọsàn náà ká. Ìlà yẹn ló máa yà á sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ẹ̀yìn rẹ̀ àti lára búlúù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí àwọ̀ rárá. Fún òpó kan, ẹ lọ sí "Pattern fill", kí ẹ fún un ní ìlà dídábùú. Bó bá jẹ́ ṣáàtì onílà, kí ìlà kan gùn gbọọrọ, kí èkejì jẹ́ gígé-gígé, kí àmì orí wọn yàtọ̀, róbótó fún ọ̀kan, onígun mẹ́ta fún èkejì. Ẹ yọ àpótí àlàyé àwọ̀ tí Excel ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ kọ "Ìdáwó" àti "Àyálò" sára òpó tàbí sípẹ̀kun ìlà gan-an. Ó ṣe gbogbo èèyàn láǹfààní: kò sí pé ẹ ń wo ọ̀tún, ẹ ń wo òsì, ẹ ń ṣírò àwọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ ya fọ́tò ṣáàtì náà, ẹ ṣí i níbi tí wọ́n ti ń tún fọ́tò ṣe nínú fóònù, kí ẹ fa "Saturation" wálẹ̀ títí dé òpin. Bí ẹ bá ṣì lè tọ́ka ìdáwó àti àyálò láìṣì, ó ti yege. Èyí tó tún dájú jù ni kí ẹ tẹ ẹyọ kan, kí ẹ fún oní-fọtokọ́pì kó fi dúdú-àti-funfun ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì tún ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà yẹn.

5. Lẹ́tà

Fún ìwé tí ẹ máa tẹ̀ fún ẹni tí ojú ń ṣe bàìbàì, kí lẹ́tà má kéré sí 18. Ẹ má kọ orúkọ oṣù ní òró. Bí kò bá gba ibẹ̀, ẹ da òpó náà dùbúlẹ̀. Ẹ má fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀. Kí ẹ sì wo ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn orí wọn dáadáa, nítorí irú lẹ́tà mìíràn kò ní wọn, àpótí òfìfo ló máa gbé síbẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ na ọwọ́ tí ẹ fi mú ìwé náà tán. Bí ẹ bá ní láti fà á súnmọ́ra, kò tíì tó.

6. Ọ̀rọ̀ tó dúró fún àwòrán

Èyí ni ohun tí akàwé yóò sọ nígbà tí ó bá dé orí ṣáàtì. Nínú Excel tàbí Word, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máàsì tẹ ṣáàtì náà létí, ẹ yan èyí tó ní "Alt Text" nínú, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀. Facebook náà ní ibi tirẹ̀ lára fọ́tò.

Ẹ kọ́kọ́ sọ irú ṣáàtì tó jẹ́, ẹ sọ ohun tó ń kà, ẹ wá sọ ohun tó fi hàn. Ti àpẹẹrẹ wa:

"Ṣáàtì olópòó méjì-méjì fún oṣù mẹ́fà. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá rọra dín kù láti 420,000 náírà lóṣù kìíní sí 380,000 lóṣù kẹrin, ó wá gòkè dé 540,000 lóṣù kẹfà. Owó tí ẹgbẹ́ yá wọn bẹ̀rẹ̀ láti 200,000, ó ga jù lóṣù kẹrin ní 450,000, ó sì wálẹ̀ sí 350,000. Oṣù kẹrin nìkan ni àyálò ju ìdáwó lọ, ó fi 70,000 jù ú. Àtẹ gbogbo iye wà nísàlẹ̀."

Ẹ kíyè sí i pé n kò ka nọ́ńbà méjèèjìlá. Àtẹ ló máa ṣe ìyẹn. N kò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Àwòrán", nítorí akàwé fúnra rẹ̀ á ti kéde pé àwòrán ni. N kò sọ pé òpó pupa tàbí òpó búlúù. Kí ni ẹni tí kò rí i fẹ́ fi ṣe? "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i" tún burú ju gbogbo rẹ̀ lọ.

Àṣìṣe kan wà tó ń yọ́ wọlé, pàápàá lọ́wọ́ akọ̀wé tí inú ń bí. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí pé àyálò pọ̀ lóṣù kẹrin nítorí àwọn kan kò mọ̀ ọ́n ná. Ṣáàtì kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ìdí, bóyá owó ilé-ìwé àti iṣẹ́ oko ló pa pọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn níbi tí gbogbo èèyàn yóò ti rí i. Kò yẹ kí ẹni tí kò ríran gbọ́ ẹjọ́ tí ẹni tó ríran kò gbọ́.

Àyẹ̀wò: nínú Word tàbí Excel, ẹ lọ sí "Review", ẹ tẹ "Check Accessibility". Yóò tọ́ka àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ "ṣáàtì" lásán síbẹ̀, ó lè gbà á lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀rọ yẹn ṣe adájọ́.

7. Fífi ránṣẹ́

Lórí WhatsApp, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìpele kẹfà sábẹ́ fọ́tò náà, akàwé á kà á bí ó ṣe ń ka iṣẹ́ yòókù. Ẹ fi àtẹ iye tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, ìlà kan fún oṣù kan, bí mo ṣe tò ó lókè. Bí ohùn inú fóònù ẹni náà bá jẹ́ ti òyìnbó, yóò ka Yorùbá bí òyìnbó ṣe ń kà á, ìdáwó lè di ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Nítorí náà, ẹ fi ohùn tiyín ka gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé náà á gbọ́.

Ẹ má wá fi ohùn rọ́pò ọ̀rọ̀ o! Adití wà nínú ẹgbẹ́. Ohun tí ẹ bá fi ẹnu sọ lórí ṣáàtì, nípàdé tàbí nínú fídíò, kí ó wà ní kíkọ pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ PDF, ẹ lo "Save As" láti inú Word, ẹ má lo "Print", nítorí títẹ̀ ún jáde bẹ́ẹ̀ máa ń ju àkọ́lé àti ọ̀rọ̀ àwòrán nù. Ẹni tó bá ń ṣe ṣáàtì tó ń ṣẹ́jú lójú pátákó ìpàdé, kí ó má jẹ́ kó ṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lè gbé wárápá dìde. Ní tèmi, kó má ṣẹ́jú rárá.

8. Èyí tí a ń fọwọ́ kà

Nínú kíláàsì, kò sí ohun tó dà bíi kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ bá òpó oṣù kẹrin kó rí i pé ó ga ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ẹ fi òwú lẹ ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà òsì mọ́ páálí. Ẹ gé sánpépà fún àyálò, awọ dídán fún ìdáwó, kí ìka lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ bí ó ṣe ń mọ ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá lára igbá fínfín. Kí àlàfo tó wà láàárín nǹkan méjì má dín sí mìlímítà 3.

Ẹ má tẹ̀lé ṣáàtì orí ìwé gẹ́lẹ́. Ìka kì í rí ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń rìn ni. Ẹ yọ àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, kí páálí má sì tóbi ju ibi tí ọwọ́ méjèèjì lè dé láìdìde. Bírélì kò ṣeé sọ di kékeré: lẹ́tà kan ń gba nǹkan bí mìlímítà 6 ní ìbú, ìlà kan sì ń gba 10 ní òró. Nítorí náà, "kẹrin" lásán ti tó, ẹ má kọ "oṣù kẹrin". Ẹ kọ àlàyé ohun tí sánpépà àti awọ dúró fún sí òkè, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ń kọ́kọ́ dé.

Bí ẹ bá ń fi síléètì àti abẹ́rẹ́ gún bírélì, ẹ rántí pé ẹ̀yìn ìwé ni ẹ ń gún, láti ọ̀tún sí òsì. Ẹ gún un sórí ìwé mìíràn, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ má kàn di ojú yín kí ẹ sì ní ẹ ti dán an wò. Ẹni tó ń fọwọ́ kàwé lójoojúmọ́ ni kí ẹ gbé e fún.

9. Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò

Ẹ tẹ bọ́tìnnì ohùn méjèèjì ẹ̀gbẹ́ fóònù pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, TalkBack á tàn. Bí kò bá tàn, ẹ wá a nínú "Settings", lábẹ́ "Accessibility". Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn níbí, wọ́n á rò pé fóònù ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń yan nǹkan, títẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá ló ń ṣí i, ìka méjì lẹ fi ń fa ojú ìwé. Bọ́tìnnì méjèèjì yẹn náà ló ń pa á. Ẹ gbé ojú kúrò lára fóònù, ẹ máa fi ìka kan fà á sí ọ̀tún, kí ẹ máa gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tí kò tíì rí i. Ká ní màmá kan tó ń ta èlùbọ́, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, wà nínú ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ bi í:

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Oṣù wo ni a yá èèyàn lówó jù?"

"Akọ̀wé, ìkẹrin ni."

"Ṣé owó tí a dá lóṣù yẹn ká a?"

"Kò ká a. Ó fi ẹgbàá márùndínlógójì dín." Bí wọ́n bá fi ẹgbàá ka owó fún yín, kí ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó ní wọ́n ṣì í: ẹgbàá jẹ́ 2,000, márùndínlógójì rẹ̀ sì jẹ́ 70,000 gééré.

"Ìparí oṣù kẹfà ńkọ́, ṣé ìdáwó ń gòkè ni àbí ó ń wálẹ̀?"

Bí wọ́n bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi ṣáàtì náà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ṣi ọ̀kan, ẹ má ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù. Ẹ lọ tún gbólóhùn tó kan ìbéèrè yẹn kọ, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn tí kò tíì gbọ́ ọ.